Kí ẹ tó pààrọ̀ sípíkà pálọ̀ yín: bí a ṣe ń yan ojúlówó tí owó kò fi ní ṣòfò

Mo ti wọ pálọ̀ púpọ̀ níbi tí onílé ti ná owó tó tó ra ọkọ̀ sórí sípíkà, síbẹ̀ tí orin ibẹ̀ kò dùn tó ti rédíò inú mọ́tò. Béèsì á máa kù rìrì, ọ̀rọ̀ olórin á dàrú mọ́ ọn, kí orin kẹta tó parí, orí á ti máa fọ́ àwọn tó jókòó. Ohun tí onílé máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé á ta sípíkà yẹn, á ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Èyí tó tóbi á dé, ariwo á tún pọ̀ sí i.

Yàrá ló ṣẹ̀ wọ́n, sípíkà ni wọ́n ń bá jà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní yàrá kan nílé tó fẹ́ máa jókòó sí láti gbọ́ orin, tó ní owó lọ́wọ́ láti ra ojúlówó sípíkà, tí kò sì fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Sípíkà méjì ni mo ń sọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kì í ṣe ti sinimá, kì í ṣe ti òde àríyá. Bí mo ṣe tò ó ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Ìpele kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Sípíkà àtijọ́ yín: ẹ má tíì tà á. Tépù ìdíwọ̀n. Tépù bébà tí àwọn akunlé ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Dígí kékeré kan. Multimeter tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò. Fóònù tó ní áàpù tó ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Ẹnì kan tó máa bá yín gbé nǹkan, tó sì ní sùúrù. Bí agbára bá ká a, ẹ ra máìkì ìdíwọ̀n tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, bíi UMIK-1 ti miniDSP. Room EQ Wizard, áàpù kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi lò ó, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máìkì yìí kò pọn dandan, àmọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn tan ara rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn náà, orin mẹ́rin tí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé baba rẹ̀. Ọ̀kan, ohùn ènìyàn kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Èkejì, ibi tí gìtá béèsì ti ń gòkè tó tún ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Ẹ̀kẹrin, ibi tí gángan tàbí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀, tí ẹ sì mọ ohun tó ń sọ. CD tàbí fáìlì FLAC, èyí tí kò yọ nǹkan kan kúrò nínú orin, ni kí gbogbo wọn jẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

Mi ò fi ti ìlù yẹn ṣeré rárá. Àwọn òyìnbó máa ń fi dùùrù àti fayolíìnì dán sípíkà wò, ó sì dára fún wọn. Àwa ní ohun tó bá etí tiwa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dò, re, mí ni ìlù fi ń pe ọ̀rọ̀. Bí sípíkà tàbí yàrá bá bù kún apá kan, tàbí tó bu apá kan jẹ, gbólóhùn ìlù á di wúruwùru. Ẹni tó ti ń gbọ́ Yorùbá láti kékeré kò nílò ẹ̀rọ kó tó mọ̀ pé ìlù kò pe ọ̀rọ̀ náà já gaara.

Ìpele 1: Ẹ wọn yàrá, ẹ sì pàtẹ́wọ́

Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga yàrá ní mítà, ẹ wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 173. Iye tó bá jáde ni Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí yàrá yín máa ń bá ṣeré jù. Béèsì tó bá bọ́ sórí iye yẹn á wú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbì kan nínú yàrá, á sì pòórá níbòmíràn. Ìdí ni pé ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 346 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 25°C. Tó bá kan ògiri á padà, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á wá pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó gùn ní 5.4, tó fẹ̀ ní 3.9, tó sì ga ní 2.9. Á fún yín ní 32, 44 àti 60 Hz. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, a máa padà sí wọn. Àwọn iye yìí jìnnà síra díẹ̀, ìyẹn sì dára. Yàrá tó jẹ́ 4 ní gígùn, 4 ní ìbú, ló ń dani láàmú, nítorí 43 Hz ti gígùn á gun orí 43 Hz ti ìbú. Bí ẹ bá ní yàrá mìíràn, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ wá dúró láàárín yàrá, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dún pàá. Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan tó ń gbọ̀n tẹ̀ lé e bí ìgbà tí okùn ń ta, ohùn ń sáré láàárín ògiri méjì nìyẹn. Ilé tiwa ni búlọ́ọ̀kù, símẹ́ńtì, táìsì àti fèrèsé onígíláàsì. Kò sí ohun tó ń gba ohùn mọ́ra níbẹ̀. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nípọn láti iwájú sípíkà dé ẹsẹ̀ àga. Ẹ ta kọ́tìnì wíwúwo tó ṣẹ́ po, kì í ṣe èyí tó nà pẹlẹbẹ. Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀fù ìwé sí ògiri ẹ̀yìn. Tábìlì onígíláàsì tó wà láàárín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* kéréètì ẹyin. Mo ti rí yàrá tí wọ́n fi lẹ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò gba béèsì kankan mọ́ra, díẹ̀ ló ń ṣe sí ohùn tín-ín-rín, iná sì ń jó o wọ̀ọ̀ bí ewé gbígbẹ. Fóòmù oní sẹ̀ǹtímítà méjì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ: ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń jẹ, béèsì á ṣì máa kù. Rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹ fi aṣọ wé, tí ẹ nà sí igun yàrá láti ilẹ̀ dé òkè, ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń hàn. Ẹ fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń gé e.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kó dún, kó sì dákẹ́. Ó tún yẹ kí ẹ lè bá ẹni tó wà ní ìkángun kejì sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè, kí ọ̀rọ̀ sì já geere.

Ìpele 2: Ẹ gbé sípíkà àtijọ́ kúrò níbi tó wà

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan pé kí n wá bá àwọn yan sípíkà tuntun. Mo bá ti àtijọ́ ní igun pálọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Àga wọn náà kan ògiri kejì. Wọ́n gbé orin sí i, béèsì gba gbogbo ilé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fà á síwájú ná." A fà á bí ìbú ọwọ́ kan, a gbọ́, a tún fà á, a tún gbọ́. Nígbà tó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 sí ògiri, tí a sì ti gbé àga wọn wá síwájú, ẹ̀gbọ́n gbọ́wọ́ sókè pé kí n dá orin náà padà. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Gángan ló ń pe Àkànní yẹn o! Láti ọjọ́ tí mo ti ní àwo yìí!" A kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà, odidi ọdún kan sì kọjá kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀ rírà.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí sípíkà kọjú sí ibi tí yàrá ti gùn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Béèsì kì í jáde síwájú nìkan, ó ń yí lọ sẹ́yìn, ó ń kan ògiri, ó sì ń padà wá pa ti iwájú. Láti mọ ibi tó máa ti pa á, ẹ fi iye mítà tó wà láti ojú sípíkà dé ògiri pín 86.5. Ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jẹ́ 144 Hz, ìyẹn ààrin ohùn ọkùnrin gan-an. Ní mítà kan, ó sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 86. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 90.

Àga yín kò gbọdọ̀ kan ògiri, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni béèsì máa ń kó jọ sí. Kò sì gbọdọ̀ wà ní àárín gbùngbùn yàrá: ibẹ̀ ni 32 Hz ti yàrá àpẹẹrẹ wa ti ń pòórá pátápátá. Ẹ fi í sí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn yàrá, láti ògiri ẹ̀yìn yín. Ní yàrá wa, ìyẹn jẹ́ mítà méjì àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín sípíkà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú jíjìnnà wọn sí yín. Mítà 2.3 láàárín wọn bá yàrá yìí mu. Á ku sẹ̀ǹtímítà 80 sí ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Tuwítà, ẹnu kékeré tí ohùn tín-ín-rín ń gbà jáde, kí ó bá etí yín dọ́gba bí ẹ bá jókòó. Etí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100 sí ilẹ̀ lórí àga.

Ẹ yí ojú sípíkà sínú díẹ̀. Bí ẹ bá yí i tó fi dojú kọ yín tààrà, ohùn olórin á dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n òmíràn á máa gún etí. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjú síwájú gbọnrangandan, orin á fẹ̀, olórin á sì fọ́n ká. Láàárín méjèèjì ni tiyín wà. Ẹ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ògiri ẹ̀gbẹ́. Ẹ jókòó sí àga, kí ẹnì kejì máa fa dígí lọ lára ògiri ní ìwọ̀n gíga etí yín. Ibi tí ẹ bá ti rí tuwítà nínú dígí, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta kọ́kọ́ padà sí yín. Ẹ fi tépù sàmì síbẹ̀, ẹ sì ta kọ́tìnì nípọn tàbí kí ẹ gbé rockwool aláṣọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí ń gbà, mi ò sì mọ owó tí a lè ná sórí wáyà tó máa ṣe ìdajì ohun tó ń ṣe.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* sípíkà kan lẹ́bàá ògiri, èkejì sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjẹun. Orin á máa fà sí apá kan, wọ́n á sì ní sípíkà kan ti fẹ́ bàjẹ́. Òmíràn tún ni wáyà tó yí padà, pupa sí dúdú, ní ẹ̀yìn ọ̀kan nínú méjèèjì. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà. Béèsì á rọ, olórin á sì dà bí ẹni tó wà ní gbogbo ibi tí kò sí níbì kankan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ohùn ènìyàn kan ṣoṣo sí i. Ó yẹ kó ti àárín wá, níbi tí sípíkà kankan kò sí, bí ẹni pé ẹnì kan dúró síbẹ̀. Ẹ gbé gìtá béèsì sí i: kí nóòtì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kan náà. Ẹ wá gbé ìlù sí i, kí ẹ sì sọ ohun tó ń sọ jáde lẹ́nu. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yege, ẹ fi tépù sàmì sí ẹsẹ̀ sípíkà àti ẹsẹ̀ àga nílẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ mọ àìsàn kí ẹ tó ra oògùn

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ orin bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan péré.

Bí ó bá jẹ́ pé nóòtì béèsì kan ṣoṣo ló ń wú, ẹ wo iye tí ẹ kọ ní ìpele kìíní. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yàrá ni, sípíkà tuntun kò ní tún un ṣe. Bí orin bá dùn nígbà tó rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń fọ́ bí ẹ bá gbé e sókè, agbára ni kò tó: ampilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) ló kéré, tàbí sípíkà ló nílò agbára púpọ̀. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń dún bí ìrẹsì tí wọ́n ń dà sórí páànù, tí kì í dún bí ìlẹ̀kẹ̀ lára igbá, tuwítà ni, ẹ sì ní ìdí láti ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìsàlẹ̀ béèsì kò bá sí rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí sípíkà tuntun ṣe ní gbólóhùn kan láìdárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má tíì rà á.

Ìpele 4: Ẹ ka iye ara rẹ̀

Iye mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó ní mítà kan bí wọ́n bá fún un ní 2.83 V, dB ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Gbogbo 3 dB tó bá lé, ìdajì agbára ló máa béèrè láti dún bákan náà. Ilé-iṣẹ́ KEF kọ 85 dB sí sípíkà rẹ̀ tó ń jẹ́ LS50 Meta. Ilé-iṣẹ́ Klipsch kọ 99 dB sí tirẹ̀ tó ń jẹ́ Heresy IV. Ìyàtọ̀ 14 dB yẹn túmọ̀ sí pé ibi tí Heresy bá ti lo wáàtì 4, LS50 Meta á béèrè nǹkan bí 100. Èyí kò sọ pé èkíní burú. Ó sọ irú ampilifáyà tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílé.

Èkejì ni ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó ń wọ inú rẹ̀ tó. "8 ohm" tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ tán. Ẹ wá iye tó kéré jù tó máa ń já sí. LS50 Meta tí wọ́n kọ 8 sí máa ń já dé 3.5. Ampilifáyà tí kò lè fún nǹkan tó sún mọ́ 4 ohm ní agbára, á gbóná, á sì kú mọ́ orin lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí béèsì rẹ̀ dé. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè kọ iye méjì: LS50 Meta yìí dé 47 Hz bí a bá gbà kó fi 6 dB wálẹ̀, ṣùgbọ́n 79 Hz ni bí a bá ní kó má yẹ̀ ju 3 dB lọ. Ẹni tó bá rí 47 nìkan lórí páálí á máa retí béèsì tí kò ní dé. Nígbà tí ẹ bá ń fi sípíkà méjì wéra, 3 pẹ̀lú 3, 6 pẹ̀lú 6.

Bí ẹ bá rí àwòrán ìlà tí wọ́n ń pè ní spinorama, ẹ jókòó tì í. Igun 70 ni wọ́n ti ń wọn sípíkà fún un, níbùú àti lóòró, ìlànà CTA-2034 ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ Floyd Toole, onímọ̀ nípa ohùn àti sípíkà, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní National Research Council ti Kánádà, ó fi aṣọ bo sípíkà, ó ní kí àwọn ènìyàn yan èyí tó dùn mọ́ wọn láìmọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yàn jù ni èyí tí ìlà iwájú rẹ̀ tẹ́jú, tí ohùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń rọra lọ sílẹ̀ láìsí kòtò láìsí gegele. Fún wa tí ògiri wa jẹ́ símẹ́ńtì, ìlà ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí pé ohun tó bá jáde sí ẹ̀gbẹ́ á kan ògiri padà wá bá wa.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú. Iye tí sípíkà lè gbà kó tó jóná nìyẹn. Kò sọ bó ṣe dùn.

Nípa owó: nínú ₦100 tí ẹ bá ní, èmi ò ní jẹ́ kí sípíkà jẹ ju ₦60 lọ. ₦20 lọ sí yàrá àti sítáàndì, ₦20 lọ sí iná àti ampilifáyà.

Ìpele 5: Iná

Ohun tó ń jó tuwítà jù ni ampilifáyà kékeré tí wọ́n ń fipá mú. Tó bá ti lo agbára rẹ̀ tán, á máa gé orí orin, ohun tó gé yẹn á sì di ooru nínú tuwítà. Iná ọba tó bá rẹlẹ̀ máa ń mú ọjọ́ yẹn yá. Ẹ fi multimeter wọn iná ilé yín ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó. Bí ó bá rẹlẹ̀ gan-an ju 230 V lọ, ẹ wá stabilizer tó dára, tàbí kí ẹ máa gbọ́ orin lórí inverter. Kí inverter náà jẹ́ pure sine wave. Òmíràn máa ń mú kí sípíkà máa kùn hùùù lábẹ́ orin.

Ẹrù tó ti Amẹ́ríkà wá ń kọ́? Sípíkà lásán kò ní wàhálà. Èyí tó ní ampilifáyà nínú, tí a ń kì bọ iná, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 120 V síbẹ̀ láìsí ibi tí a ti lè yí i sí 230, ẹ má kì í bọ ògiri láé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tan gbogbo rẹ̀ láìgbé orin sí i, ẹ fi etí sún mọ́ tuwítà, kí ẹ sì padà lọ jókòó. Lórí àga yín, ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ nǹkan kan.

Ìpele 6: Lílọ rà á

Tuntun tàbí tòkunbọ̀? Èmi fẹ́ràn tòkunbọ̀, nítorí owó tó ń ra sípíkà kékeré tuntun lè ra àgbà sípíkà tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Britain. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lajú yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́dún kan mo ra méjì ní ọjà ńlá kan ní Èkó. Wọ́n fi aṣọ iwájú rẹ̀ bò ó, wọ́n gbé orin sí i, ó dún. Mi ò ṣí aṣọ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo fi àtàǹpàkò kan etí wúfà, ẹnu ńlá tí béèsì ń gbà jáde, ó rún sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà tó ti sùn. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀, ọ̀rinrin àti ooru ti jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, báyìí ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò:

Ẹ ṣí aṣọ iwájú kúrò. Ẹ fi ìka kan etí wúfà jẹ́jẹ́ yípo. Rọ́bà máa ń tẹ̀, ó sì ń padà. Fóòmù tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí kó rún. A lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ kí iye rẹ̀ kúrò nínú owó.

Ẹ fi ìka mẹ́rin ti wúfà wọlé díẹ̀, kí agbára wọn dọ́gba, ẹ sì gbé etí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń họ bí bébà lára ògiri, wáyà inú rẹ̀ ti ń kan irin. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa lọ.

Ẹ fi multimeter kan ojú wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíkà 8 ohm sábà máa ń ka 5 sí 7. Kí ọ̀tún àti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Bí kò bá ka nǹkan kan, okùn kan ti já nínú. Ẹ rántí pé wúfà nìkan lèyí ń sọ nípa rẹ̀, nítorí crossover, ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń pín ohùn fún wúfà àti tuwítà, kì í jẹ́ kí multimeter rí tuwítà. Etí lẹ máa fi yẹ tuwítà wò: ẹ gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i, kí ẹ gbọ́ ọ̀tún nìkan, kí ẹ gbọ́ òsì nìkan.

Ẹ wo ìdí pákó rẹ̀. Pákó tó bá ti wú tàbí tó ń ṣí lábẹ́ ti mu omi.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* "Ẹ máa lò ó lọ, tó bá ti dún fún 200 wákàtí á dùn." Rọ́bà tuntun lè rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò dùn rárá lọ́jọ́ kìíní kò ní di adùn. Etí yín ló ń fara mọ́ ọn. Ẹ gba àdéhùn ìdápadà kí ẹ tó sanwó, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán.

Ìpele 7: Ẹ fi wọ́n wéra nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ gbé tuntun sí orí àmì tépù tí ẹ ti fi sílẹ̀. Ohun tó bá ń dún sókè díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ dọ́gba wọn. Ẹ gbé pink noise, ariwo tó ń dún ṣáá bí òjò, sí i, ẹ fi fóònù sórí àga níbi tí orí yín máa ń wà, ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ yí ìgbohùnsókè títí tí àtijọ́ àti tuntun fi máa wà láàárín 0.5 dB síra. Ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iwájú wọn, kí ẹnì kejì máa pààrọ̀ wáyà láìsọ fún yín. Ẹ kọ èyí tó dùn jù lórí orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ìgbà mẹ́wàá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹ bá yan tuntun ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́wàá, ó sàn lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, ẹ dá a padà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Ìpele 8: Ẹ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀

Tuntun kì í ṣe àtijọ́. Ẹ tún ìpele kejì ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ihò lẹ́yìn, wọ́n sì ń fẹ́ jìnnà sí ògiri jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà bàbà oní 2.5 mm² ti tó fún yàrá yìí. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ kí ẹ tó rà á: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni. Sítáàndì, kí ó wúwo. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ihò bá wà.

Bí béèsì ìsàlẹ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó, ẹ má tún lọ ra sípíkà gogoro. Ẹ wá sọ́bùwúfà kan, sípíkà tó jẹ́ pé béèsì ìsàlẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sórí àga tí ẹ ti ń gbọ́ orin gan-an, ẹ gbé gìtá béèsì sí i, kí ẹ̀yin fúnra yín wá máa rá lẹ́bàá ògiri yípo yàrá. Ibi tí gbogbo nóòtì bá ti dọ́gba létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé sọ́bùwúfà sí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wọn ọ̀nà mẹ́ta: láti ojú sípíkà dé ògiri ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ògiri ẹ̀gbẹ́, àti láti tuwítà kọ̀ọ̀kan dé ibi tí orí yín máa ń wà. Ti ọ̀tún àti ti òsì kò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ síra. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn sípíkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ ilẹ̀ tí wọ́n sì sún gbogbo nǹkan kúrò, bébà yẹn lẹ máa kà láti dá a padà sáyè rẹ̀. Ẹ sì sọ fún ẹni tó ń fọ ilẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kí omi kan ìdí pákó.